Ègbè Ni Ìdajì Orin

Àsọyé ní ìrọ̀lẹ́ ìṣíde ọdún Ifá, ní Ìbàdàn

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà àwọn àgbà tí wọ́n jókòó níhìn-ín kí n tó ya ẹnu. Ọmọdé tí yóò sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, àṣẹ ni ó ń kọ́kọ́ tọrọ. Mo tọrọ àṣẹ.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí adùn tí ó wà nínú gbígbọ́ ewì àti ìtàn nígbà tí a bá fi orin àti ìlù gbé e kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Adùn yẹn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú Ifá: òun ni ó ń pe etí wá, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kí ó má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ náà bí àwọn tí ń gbọ́ bá dákẹ́.

Agbo ilé tí a bí mi sí kò jìnnà sí Ọjà'ba, ọjà tí àwọn àgbà so orúkọ rẹ̀ mọ́ Ìba Olúyọ̀lé. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tí ó gbójú sókè, gbọ̀ngàn Mápó ni yóò rí lórí òkè, ilé olópòó ńláńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Lójoojúmọ́, ariwo ni ó ń jí wa: àwọn alágbo tí ń kiri, àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń pe èrò Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin. Ṣùgbọ́n bí ọdún Ifá bá dé, ohùn mìíràn a máa jáde láti ẹ̀yìnkùlé bàbá kan tí ó jẹ́ babaláwo ní agbo ilé kejì sí tiwa, àwa ọmọdé a sì sáré lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ní alẹ́ ọdún Ifá kan tí n kò lè gbàgbé. Àwọn awo jókòó yí ká lórí ẹní. Ẹnì kan ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù ń gbè é. Ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á jùmọ̀ dáhùn pé "hin-in", bí ẹni tí ń mọ ògiri tí ó ń fi ọwọ́ tẹ ẹrẹ̀ kí ó dúró dáadáa kí ó tó gbé òmíràn lé e. N kò mọ ìtumọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń wí. Adùn ìdáhùn náà ni ó mú mi. Kò pẹ́ tí èmi náà fi ń dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sì sí ẹni tí ó lé mi.

Nígbà tí ó yá, ó kan awo kékeré kan. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ń ṣàn bí omi lórí àpáta. Ó dé ibì kan, ó pe gbólóhùn kan, ó sì dúró de ègbè. Ègbè kò wá. Onílù rọ ọwọ́. Mo rò pé ẹnì kan ni ó ṣubú lulẹ̀. Bàbá àgbà kan tí ó ti fara ti ògiri láti ìrọ̀lẹ́, tí mo ti rò pé oorun ni ó ń sùn, wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Kò bínú, kò sì pariwo. Awo kékeré náà padà sẹ́yìn, ó tún gbólóhùn náà pè, ó yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. "Hin-in" náà bú jáde bí ìgbà tí a ṣí ilẹ̀kùn tí ó ti há. Ìlù padà. Awo náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà di òní, n kò tíì gbọ́ orin tí ó dùn mọ́ mi tó ìdáhùn ẹyọ kan yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bi ìyá tí ó bí bàbá mi pé, "Ìyá Àgbà, kí ni bàbá yẹn ṣe lánàá?" Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹran tí Ifá kò pè ni ó pè."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà yìí ni mo gbé wá sí iwájú yín. Bí ègbè bá ti dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà, àṣìṣe ìbá ti di ẹ̀kọ́. Ọmọ awo tí ó jókòó lẹ́yìn ìbá gbà á sórí. Lọ́jọ́ iwájú, ẹnì kan tí wàhálà dé bá ìbá wá dífá, wọn ìbá ní kí ó ra òbúkọ níbi tí Ifá ti ní kí ó ra ewúrẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ̀. Etí tí ń jẹ adùn ìyẹ̀rẹ̀ náà ni etí tí ó dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn àlejò wa díẹ̀. Odù Ifá jẹ́ 256: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní òǹkà. Àwọn àgbà Ìbàdàn a máa sọ pé Ọ̀ṣẹ́ Méjì ni Odù tí ó jáde nígbà tí a tẹ ìlú yìí dó. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran, orí ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, ẹnu ni ó sì ń gbà kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá sí ọ̀dọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ọdún 1968, ohun tí ẹnu àti etí ti ṣọ́ tipẹ́tipẹ́ ni ó fi sórí ìwé. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní ọdún 2005 pé ó wà lára àwọn ohun àjogúnbá tí ó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008, iṣẹ́ ẹnu àti etí náà ni wọ́n ń yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣọ́ ọ? A máa ń dáhùn pé ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ ni, pé ìbẹ̀rù èèwọ̀ irọ́ ni. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù nìkan kò lè mú ọmọdé jókòó títí di ọ̀gànjọ́ òru. Adùn ni ó ń mú un jókòó. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lásán lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Èyí tí a fi ohùn gbé, tí ènìyàn sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbè, a máa wọ inú ara.

Ohùn ni adùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti ń kọrin kí a tó fi orin kún un. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí olórin bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó dúró láàárín, ọkọ tí ó wà nílé á di ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Nígbà tí David Hinderer àti Anna, ìyàwó rẹ̀, fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì ní ìlú yìí ní ọdún 1853, tí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì sì bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀, ohùn orin ilẹ̀ Òyìnbó ni àwọn ìjọ fi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìgbà pípẹ́. Orin a sì máa fa ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kò mọ̀. Àwọn olórin ìjọ fúnra wọn rí àléébù yìí, wọ́n sì ṣe nǹkan sí i. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ó sì ṣiṣẹ́ kí orin ìsìn lè máa tẹ̀lé ohùn èdè.

Ẹni tí ń sun ìyẹ̀rẹ̀ kì í bá ohùn èdè jà. Ó lè fà á gùn, ó lè mú un wálẹ̀, ó lè gbọ̀n ọ́n díẹ̀ ní ìparí. Ti òkè ṣì wà lókè, ti ìsàlẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì jù lọ nígbà tí a bá ń pe ewé. Orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe sábà máa ń bára mu ní ìró. Bí ohùn bá yẹ̀, ewé kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá sì tẹ́tí dáadáa yóò ṣàkíyèsí pé ìtàn inú ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀ a máa parí sínú orin. A ó dárúkọ awo tí ó dífá. A ó dárúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún, àti ohun tí ó gbé e lọ sí ilé awo. A ó sọ ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, a ó sọ bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ó bá ti dára fún un, ìdùnnú a gbalẹ̀, ìlù a dún, ẹni tí ó fi ẹkún wá a sì di olórin tí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awo rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìlù ìpèsè àti agogo bá dún lálẹ́ òní, ẹ má rò pé a ń fi orin kún ìtàn láti òde. Orin ti wà nínú ìtàn náà, ó ń dúró de ẹni tí yóò kọ ọ́.

Ilé awo nìkan kọ́ ni Ìbàdàn ti ń jẹ irú adùn yìí. Nínú àwọn agbo ilé wa, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, àlọ́ àpagbè ni a ń pa. Ìtàn Ìjàpá kì í lọ jìnnà kí ó tó kan orin, orin náà kò sì ní dé òpin láìsí àwa ọmọdé. Bí ègbè bá ti ń rẹlẹ̀, Ìyá Àgbà á mọ̀ pé oorun ti ń kun àwọn kan. Wọ́n á tún orin náà dá pẹ̀lú ohùn tí ó le jù, gbogbo wa á sì jí. Ìtàn kò lè dé ilé láìjẹ́ pé a jọ gbé e lọ.

Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe ohun kan náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó mú ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tutuola fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1952, ó sọ ọ́ di eré Yorùbá tí ó kún fún orin, ìlù àti ijó. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti ń jiyàn lórí irú Gẹ̀ẹ́sì tí Tutuola kọ. Nígbà tí ìtàn náà di orin lẹ́nu àwọn òṣèré, àríyànjiyàn gírámà kò rí ibi jókòó mọ́. Ìtàn ti padà wá sí ìdí àlọ́ tí ó ti jáde. Ní ọdún 1963 yẹn náà ni Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kòso jáde ní Òṣogbo. Ní ọdún 1964, eré náà dé Berlin ní Jámánì, níwájú àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá.

Lẹ́yìn náà ni ewì gun orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Láńrewájú Adépọ̀jù, tí ó papò dà ní ọdún 2023, àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ sọ ewì di ohun tí alágbẹ̀dẹ, aláṣọ àti awakọ̀ ń gbọ́ nídìí iṣẹ́ wọn. Tàtàlọ́ Àlàmú fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Dáúdà Epo Àkàrà fi àwúrèbe, gbé oríkì àti ìtàn àwọn ènìyàn ìlú yìí káàkiri. Ẹni tí kò mọ ìwé kà di ẹni tí ó ní ewì lórí. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwo mú ìyípadà kan wá tí a kò tètè fura sí: olórin kò gbọ́ wa mọ́. A lè gbè é nínú yàrá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò ní mọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà níbi ayẹyẹ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹyọ kan ni wọ́n ní, ọwọ́ ẹni tí ń sun ìyẹ̀rẹ̀ ni ó sì wà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn àgọ́. Wọ́n fi àwọn àgbà awo jókòó sórí àga iyì ní ọ̀ọ́kán. Àwọn ọ̀dọ́ na fóònù sókè. Awo náà ṣe àṣìṣe. Mo rí bàbá kan tí ó mi orí, mo rí i tí ètè wọn ń sọ nǹkan. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ wọn. Orin ń bá a lọ, a sì pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi, àṣìṣe náà wà nínú rẹ̀ gbáko. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bí ó ṣe dùn tó." Ó dùn lóòótọ́. Ó sì dùn mí.

N kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀rọ yìí kan náà ni ó ń gbé ohùn àwọn bàbá wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ awo ní Kúbà, ní Bùràsíìlì, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò bí sínú èdè Yorùbá, tí ó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń kọ́ ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù tí ó yẹ kí ó tì wá lójú. Bí àṣìṣe bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láti Ìbàdàn, ta ni yóò dákẹ́ fún un níbẹ̀? Bàbá tí ó fara ti ògiri kò sí nínú fóònù.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ kí ìlù tó dún. Ẹ̀yin àlejò, bí ẹ bá gbọ́ tí ègbè ń dáhùn, ẹ má jókòó bí ẹni tí ó wá wòran. Ẹ wo ẹnu àwọn àgbà, ẹ tẹ̀lé wọn, ẹ má ṣe ṣáájú wọn. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ dáhùn. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ dákẹ́, ẹ má sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ni ó ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ má gbé ẹ̀rọ yín sí ẹnu ẹni tí ń dá orin nìkan. Ẹ gbé òmíràn sí àárín ègbè. Ẹ má gé ibi tí wọ́n ti dá a dúró kúrò kí fídíò lè mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ wà. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gba ohùn, kí ẹ sì dá ẹ̀dà kan padà sí agbo ilé tí ẹ ti gbà á.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọdún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn kejì fún ègbè. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Ẹ sún àga àwọn àgbà mọ́ ẹni tí ń sun ìyẹ̀rẹ̀, débi pé bí wọ́n bá wúkọ́, yóò gbọ́. Iyì àgbà kò sí nínú jíjókòó ní ọ̀ọ́kán.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí wọ́n bá dáhùn tí ohùn wọn kò tíì gún, ẹ má lé wọn. Kò sí ẹni tí ó lé mi.

Bàbá àgbà tí ó sọ pé "Kò rí bẹ́ẹ̀" ti wàjà tipẹ́. Awo kékeré ọjọ́ náà ti di àgbà, irun rẹ̀ ti funfun. Ní ọdún tí ó kọjá, mo rí i níbi tí ó fara ti ògiri, ó di ojú, ó dà bí ẹni tí ń sùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sun ìyẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Mo ń wo ètè bàbá náà. Ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dáhùn.

Ìyẹ̀rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn awo. Ìdajì tí ó kù wà lẹ́nu yín. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.